Kí Ni Ó Yẹ Kí A Fi Bo Ilẹ̀ Ilé Ọkọ̀?

Bí ará Ìbàdàn kan bá sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé òun ń lọ sí gáréèjì, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ni ó fẹ́ lọ gbé wọlé. Ohun tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ni pé ó fẹ́ rin ìrìn-àjò, ó sì ń lọ wọkọ̀ ní ibùdó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyálò máa ń ṣe; bí ó bá ti dé ẹnu wa, a óò fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí a fi nǹkan pamọ́ sí ibi ààbò. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ mu. Nítorí náà, ilé ọkọ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín: yàrá tàbí ìbòjì tí onílé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kí òjò àti oòrùn má baà ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Kí ni ó yẹ kí a fi bo ilẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀? Ó lè dà bí ìbéèrè kékeré lójú ẹni tí kò tíì kọ́lé rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ́ ọ mọ̀ pé ìgbà tí owó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni a tó ń béèrè rẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tajà ni a ti sábà ń wá ìdáhùn. Ọlọ́dà yóò ní ọ̀dà ni ó dára jù. Oníṣòwò táìlì yóò ní kò sí ohun tí ó dà bíi táìlì. Ẹni tí ó ń ta ẹní rọ́bà yóò tú ẹní rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Olúkúlùkù wọn ń sọ nípa ohun tí a ó fi bo ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè irú ilẹ̀ tí a fẹ́ bò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìbolẹ̀ ti ń bàjẹ́ wá sí òkè.

Bíbo ilẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, bí a bá mọ ilé tán, a óò lu ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi le, a óò sì fi ìgbẹ́ màlúù tàbí omi ewé pa á kí ó lè dán, kí eruku má baà máa sọ. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àṣemọ́. Bí ó bá ti ń ṣí ni wọn yóò tún un pa, kò sì sí ẹni tí ó ń retí pé kí ó wà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ìyanu ni ti Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Frank Willett wú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957, àti nígbà tí Peter Garlake wú ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ ni wọ́n bá lábẹ́ erùpẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà gbalaja. Ńṣe ni wọ́n dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n gún un mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí ọ̀wọ́ kan dà sí ọ̀tún, tí èkejì sì dà sí òsì, bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há a láàárín kí ó lè lẹ́wà.

Ẹ wo bí ọgbọ́n yìí ti jinlẹ̀ tó. Àpáàdì tí a bá tẹ́ gbalaja, bí ẹlẹ́rù bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣẹ́ sí méjì. Èyí tí a dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kò lè ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwúwo tí ó wà lórí rẹ̀ ń gba gígùn rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí láti orí òrùlé, síbẹ̀ omi kò sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. Bí àpáàdì kan bá sì yọ, a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìda gbogbo ilẹ̀ rú. Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà sábẹ́ àṣẹ Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ẹni tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ tàbí aṣọ òun. Bí ìtàn náà ti rí gan-an, àwọn òpìtàn ni yóò máa bá a yí. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi yóò gbà.

Ní ayé òde òní, síméńtì ni ó gbòde. Ní ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé-àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí síméńtì tí ó jẹ́ ìyá èyí tí à ń lò báyìí. Ní ọdún 1960 sì ni ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ewékorò, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ nítòsí wa. Birikilà po ó mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ó da omi sí i, ó di kọnkéré. Ojú kọnkéré jọ ojú àpáta, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé kò sí ohun tí ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Apá kan nínú omi tí a fi pò ó ni síméńtì ń lò láti fi le. Èyí tí ó kù ń gbẹ lọ, ó sì ń fi ihò tí ojú lásán kò lè rí sílẹ̀. Bí a bá ti etí aṣọ bọ omi, omi yóò máa gùn ún lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rinrin ilẹ̀ ṣe ń gun inú kọnkéré.

Lóòótọ́ ni Yorùbá ń sọ pé omi kò ní ọ̀tá, ṣùgbọ́n omi tí ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ ni olórí ọ̀tá ohun ìbolẹ̀. Bí ojú kọnkéré bá ṣí sílẹ̀, ọ̀rinrin yìí yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sì ní í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀dà dí i lójú, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Yóò kó iyọ̀ inú síméńtì mọ́ra, yóò sì máa ti ọ̀dà láti abẹ́, títí ọ̀dà yóò fi ru bí ìléróró.

Ẹ jẹ́ kí a mú onílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ́lé sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, irú èyí tí ó wà káàkiri ẹ̀bá ọ̀sà ní Èkó, níbi tí kànga kì í ti í jìn. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó kun ilẹ̀ ilé ọkọ̀ rẹ̀. Ó dán, ó sì wu ojú. Nígbà tí òjò oṣù Òkúdù ti rọ̀ dáadáa, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ru; kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí, ó ti ń ṣí ní abala-abala. Onílé pe akunlé lólè, akunlé ní àwọn tí ó ṣe ọ̀dà ni kò ṣe é dáadáa, ẹnì kankan kò sì wo abẹ́ ilẹ̀. Ó tún ra ọ̀dà mìíràn, èyí tí ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun kan náà ni ó sì tún ṣẹlẹ̀. Irú onílé bẹ́ẹ̀ pọ̀, owó tí wọ́n sì ń pàdánù lọ́nà yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń jẹ owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì.

Bí a kò bá tíì da kọnkéré, oògùn rẹ̀ rọrùn. Kí birikilà tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ tí ó nípọn sórí ilẹ̀ tí a ti lù kí ó tó da kọnkéré lé e. Owó ọ̀rá yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó síméńtì; síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú ìnáwó, bóyá nítorí pé kò sí àlejò tí yóò rí i.

Bí ilé bá ti wà, àyẹ̀wò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì lè fi í ṣe iṣẹ́ àṣehàn fún kíláàsì. Kí a gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó sì fẹ̀ ní 45. Kí a tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tí a ti gbá mọ́, kí a fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí omi bá ti sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá náà nígbà tí a bá ṣí i, tàbí tí ojú kọnkéré ibẹ̀ bá dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ọ̀rinrin ń gòkè. Kò yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò yìí nínú ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ tí ó gbẹ táútáú nígbà ọyẹ́ lè jẹ́ ilẹ̀ olómi ní oṣù Agẹmọ.

Kọnkéré titun náà kì í gba ọ̀dà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀, kò sì yẹ kí a kun ún ṣáájú ìgbà náà.

Ìgbà tí a bá ti mọ ohun tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ni a tó lè gbé ojú wo ohun tí ń kán sílẹ̀ láti ara ọkọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ kọnkéré, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ihò rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tí ó bá ti mu ọ́ìlì. Omi bírékì burú ju ọ́ìlì lọ fún ọ̀dà, nítorí pé ńṣe ni ó ń bó o. Ásíìdì ni omi bátìrì. Ó ń jẹ síméńtì fúnra rẹ̀. Ti táyà ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù. Ọkọ̀ tí ó bá ti Èkó dé Ìbàdàn yóò gbé táyà gbígbóná wọlé. Bí ó ti dúró sójú kan, ooru yóò mú kí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Bí táyà ti ń tutù, ó ń sún kì, ó sì ń fa ọ̀dà mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí awakọ̀ yí ọkọ̀ jáde, táyà á ká ọ̀dà kúrò nílẹ̀ bí ẹni ká èèpo iṣu.

Ìdí nìyí tí ọ̀dà ilẹ̀ lásán, èyí tí à ń rà nínú agolo kan ṣoṣo, kì í fi í pẹ́ nínú ilé ọkọ̀. Owó rẹ̀ kéré, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yàn án gbọ́dọ̀ gbà pé òun yóò máa tún un kùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń tún ilẹ̀ pa.

Epoxy ni ó lókìkí jù lóde òní. Iṣẹ́ tí Pierre Castan ṣe ní Switzerland àti èyí tí Sylvan Greenlee ṣe ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, ni ó sọ ọ́ di ohun tí à ń tà lọ́jà. Agolo méjì ni í jẹ́: oje wà nínú ọ̀kan, ohun tí yóò mú un le wà nínú èkejì. Kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ lára aṣọ. Ńṣe ni àwọn méjèèjì ń wọnú ara wọn tí wọ́n ń di ohun kẹta tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ojú lásán díwọ̀n bí a ó ti pò wọ́n. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ó lè le mọ́ inú garawa kí akunlé tó kùn ún tán, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa pò ó. Kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé oje tí kò tíì le lè mú ara yún, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í lè fi ọwọ́ kàn án mọ́. Bí epoxy bá lẹ̀ dáadáa, ọ́ìlì kò ràn án, táyà kò sì lè ká a. Oòrùn nìkan ni ó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ní ilé ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, a máa ń fi irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní polyurethane kùn ún lójú.

Ṣùgbọ́n kí epoxy tó lè lẹ̀, ojú kọnkéré gbọ́dọ̀ ṣí. Kí a ta omi díẹ̀ sí i wò: bí kọnkéré bá mu ún, ó dára, bí omi bá ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, ọ́ìlì tàbí ohun mìíràn ti dí i. Àwọn kan ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ eléwu ni. Ásíìdì ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, kí ó má baà hó kí ó sì ta sí ènìyàn lójú. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀, èyí sì sàn jù fún ilẹ̀ náà. Kì í ṣe fún ẹni tí ń họ ọ́, bí kò bá ṣọ́ra. Eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àrùn tí ó sì ń fà kò ní ìwòsàn. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa fi omi rin ilẹ̀ bí ó ti ń họ ọ́, kí ó sì lo ìbomú tí a ṣe fún irú eruku bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí à ń so mọ́ imú kò tó. Kì í ṣe ohun tuntun láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí eruku sọ di funfun láti orí dé ẹsẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, tí onílé sì dúró ní òkèèrè, tí ó ń yin bí ilẹ̀ ti ń dán sí. Onílé bẹ́ẹ̀ ti ra ilẹ̀ dídán ní owó tí kò kọ sínú ìwé.

Táìlì àti tẹràsó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tẹràsó gbayì gidigidi ní ilé-ìwé àti ilé ìjọba ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n òkúta mábù tí à ń fọ́ sínú rẹ̀ kò lè fara da omi bátìrì. Táìlì tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo yóò là bí ọkọ̀ bá gùn ún. Àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá dán jù, ń yọ̀ bí omi tàbí ọ́ìlì bá kán sí wọn, ìṣubú àgbàlagbà kì í sì í ṣe ohun eré. Ní ti ẹní rọ́bà, ó ń fi ìdọ̀tí àti omi pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ìwọ̀nba ni ó wúlò mọ.

Ohun kan wà tí kò lókìkí, bóyá nítorí pé kò ní àwọ̀ tí ọlọ́jà lè fi han ni. Oògùn olómi kan ni, tí wọ́n fi sílíkéètì ṣe. A óò dà á sójú kọnkéré, yóò sì wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti dà pọ̀ mọ́ ẹfun inú síméńtì, tí yóò di irú ohun kan náà tí ó mú síméńtì le. Kò sọ ara rẹ̀ di awọ sójú ilẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ru tàbí tí táyà yóò ká, ọ̀rinrin sì ń rí ọ̀nà bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò dí ọ́ìlì pátápátá. Páànù tí a bu yanrìn sí, tí a gbé sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, yóò ṣe ìyókù. Fún ilé tí ọ̀rinrin ń gòkè sí, kò sí èyí tí ó tó o nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ó ku òkúta síméńtì tí à ń há mọ́ra, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní íńtálọ́ọ̀kì. Bí ọmọ àpáàdì Ifẹ̀ ni ó rí: omi ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀, a sì lè yọ ọ̀kan kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ wà ni pé ọ̀nà tí omi gbà náà ni ọ́ìlì yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ifẹ̀ ni ó ní kànga nínú ọgbà, tí kànga náà kò sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Ọ́ìlì tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ti kó èérí irin mọ́ra, òjé wà lára ohun tí wọ́n ti bá nínú ilẹ̀ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, òjé sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Omi kànga lè mọ́ lójú kí ó sì ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì nílé, kọnkéré ni kí ó ti ṣe é, kí ó gbe ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó má dà á sí kọ̀tọ̀ tàbí sí ẹ̀yìn ilé.

Ohunkóhun tí a bá yàn, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dà sí ọ̀nà ẹnu ọ̀nà, bí sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà dúró. Kò yẹ kí kòtò wà nínú rẹ̀, nítorí pé èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì ń kó sí, tí ó ń dúró de iná. Àwọn tí ó sì ń fi ilé ọkọ̀ ṣe ilé jẹnẹrétọ̀, èéfín tí kò ní òórùn ni ó ń pa wọ́n lójú oorun. A kò lè fi ọ̀rọ̀ ìbolẹ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a dí gbogbo ibi tí kọnkéré ti là kí a tó kùn ún. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tí ó dára jù fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, kí a sì ti ilẹ̀kùn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti kun epoxy tán, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ní ti ọkọ̀, ìta ni kí ó máa sùn fún nǹkan bí ọjọ́ 7.